Wọ́n Ní Ibà Ló Pa Tíṣà Ọmọ́níkẹ́

Ọmọ́níkẹ́ Ògúntádé kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nínú yàrá kan tí ilé ìwòsàn ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ sí. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òùngbẹ ti bó ètè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi kún inú jọ́ọ̀gì lórí tábìlì níbi tí ojú rẹ̀ tó o. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Kò jalè, kò pànìyàn, orí rẹ̀ kò yí. Kí ló ṣe tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá?

Ọ̀gá Gbádé, olórí ọ́fíìsì ìlera káńsù wa, ti fún wa lésì. Ó dúró níwájú àwọn oníwèé ìròyìn lọ́jọ́ Ajé, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó ní: "Ibà ló pa obìnrin náà. Kò sí àrùn dìgbòlugi níbikíbi ní agbègbè yìí. Kí ará ìlú fọkàn balẹ̀."

A ti gbọ́. A ti fọkàn balẹ̀. Kí n wá ṣàlàyé irú ibà tó jẹ́ fún yín: ibà tó ní eyín, tó ní ìrù, tó ń jẹ àwo ẹran lójoojúmọ́ nílé Ọ̀gá Gbádé, tó sì ń jẹ́ Táígà.

Ojúlé kan náà ni èmi àti Ọmọ́níkẹ́ ń gbé ní Pápá Àjàó. Èmi wà ní yàrá iwájú. Òun wà lẹ́yìn pẹ̀lú Kọ́lápọ̀ ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, àti Ọláolú, ọmọkùnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Ọmọ́níkẹ́. Bí inú bá ń bí i, gbogbo èdè Èkó ẹnu rẹ̀ á fò lọ, á wá ku ti Iléṣà nìkan. Ó mọ dáráfù ta ju gbogbo ọkùnrin ojúlé wa lọ, bó bá sì ti jẹ ọ́ tán, á bi ọ́ bóyá kí òun fi ọwọ́ òsì ta èyí tó kàn. Kò mọ orin kọ. Kò gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n kọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, gbogbo ojúlé la jọ ń jìyà rẹ̀.

Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Dúró-Ńbẹ̀. Ọmọ tó bá jáde nínú ṣáláńgá tó ń lọ jẹun láìfọwọ́: "Dúró ńbẹ̀!" Ọmọ tó bá fẹ́ gba búrẹ́dì lẹ́nu ẹlòmíràn: "Dúró ńbẹ̀!" Ó ń kọ́ wọn pé kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, pé ọwọ́ wa ni mọ́tò rẹ̀, ẹnu wa sì ni ibùdókọ̀ tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ta ló yẹ kó fọ ọwọ́ káńsù?

Kíláàsì rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ó ní òpó, ó ní páànù, ó ní ojú ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ni káńsù kò tíì rántí ṣe láti ìgbà tí ogun ti parí. Ilé Ọ̀gá Gbádé wà ní òdìkejì títì. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ pọ̀, ajá òyìnbó gìrìpá kan ló sì ń ṣọ́ wọn. Àwọn wolé-wolé abẹ́ Ọ̀gá Gbádé ti yìnbọn pa ajá tálákà káàkiri Mushin, nítorí wọ́n ní ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ léwu fún ará ìlú. Táígà kò gba abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀. Ta ni yóò yìnbọn pa ajá ọ̀gá?

Ìgbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nígbà tí gbogbo Surulere ń ho yèè nítorí eré ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà ní pápá ìṣeré tuntun. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá Ọ̀gá Gbádé kò sọnù ní tirẹ̀. Ó já ṣéènì, ó sọdá títì, ilé ìwé ló gbà lọ tààrà. Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ wà níta, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Kíkẹ́, ọmọ ọdún méje, ló kọ́kọ́ bá. Ó ti fi eyín fa ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ ya kí Ọmọ́níkẹ́ tó fi bẹ́ńṣì gbá a sẹ́yìn. Ọmọ́níkẹ́ ti Kíkẹ́ wọ kíláàsì, ó ti àwọn yòókù tẹ̀lé e, ó wá yíjú padà. Kò sí ilẹ̀kùn tí yóò tì. Ó fi ara rẹ̀ dí ojú ọ̀nà.

"Dúró ńbẹ̀!" ó kígbe mọ́ ajá náà.

Ajá kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ó fò mọ́ ọn. Ó bù ú jẹ lọ́wọ́, ó bù ú jẹ lápá, ó tún bù ú jẹ léjìká nítòsí ọrùn. Ọmọ́níkẹ́ kò kúrò lójú ọ̀nà títí àwọn mẹkáníìkì àdúgbò fi sáré dé, tí wọ́n fi irin pa ajá náà síwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí kòkòrò dìgbòlugi ṣe ń ṣe, bí Dókítà Oyèwọlé, tó ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Yaba, ṣe là á yé mi. Inú itọ́ ajá ló ń gbé. Bí ajá bá ti bu ènìyàn jẹ, ó ti wọlé. Kì í bá ẹ̀jẹ̀ rìn bíi ti ibà. Inú àwọn fọ́nrán tó so ẹran ara mọ́ ọpọlọ ló ń gbà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Mushin lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọgbẹ́ á jinná, ara á yá, ẹni náà á máa ta dáráfù. Bó bá ti ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà jìn. Bó bá ti ojú tàbí èjìká bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kúrú. Ọjọ́ tó bá sì dé ọpọlọ, ó parí. Kò sí dókítà tó lè gbà á padà, ì báà ṣe ní Èkó, ì báà ṣe ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

"Níta ara, ọ̀lẹ ni," Dókítà Oyèwọlé ní. "Ọṣẹ àti omi ń pa á. Oòrùn ń pa á. Bó bá tiẹ̀ ti wọlé, abẹ́rẹ́ lè ṣáájú rẹ̀ dé ọpọlọ, tí a bá tètè gún un."

Tí a bá tètè gún un.

Sístà Mabel, nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú káńsù, fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà títí apá fi ń ro òun fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ọ́fíìsì ìlera láti gba abẹ́rẹ́ fún tíṣà àti fún ọmọ. Ọ̀ṣẹ́nì, tó ń ṣọ́ yàrá oògùn níbẹ̀, kò lè wò ó lójú.

"Sístà, abẹ́rẹ́ wà," ó ní, "àmọ́ ó ti gbóná."

"Ó gbóná báwo? Ṣé kò sí nínú fíríìjì ni?"

"Fíríìjì wo? Ọ̀gá ti ní kí wọ́n gbé e lọ sílé àwọn láti ìgbà Kérésì. Àlejò wọn pọ̀, bíà ò sì gbọdọ̀ gbóná. Ojú fèrèsé ni mo kó abẹ́rẹ́ sí."

Ojú fèrèsé, nínú oòrùn. Oòrùn tó lè pa kòkòrò náà, oògùn rẹ̀ ni káńsù fi í pa. Ṣùgbọ́n bíà tutù dáadáa. Àlejò mu, wọ́n yó, wọ́n sì gbàdúrà pé kí Ọlọ́run máa gbé ọ̀gá ga sí i.

Mabel kò jókòó. Ó wọkọ̀ lọ sí Èbúté Mẹ́ta, ó bẹ Ethel ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó sì rí páálí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ gbà. Páálí kan, ènìyàn kan: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un síkùn títí yóò fi tán, bí wọ́n bá sì pín in sí méjì, kò ní gba ẹnì kankan là. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó gbé e dé. Ìyá Kíkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lé itan, ó ń wo páálí náà. Kí ni ìyá yóò sọ?

"Ọmọ náà ni kí ẹ gún," Ọmọ́níkẹ́ ní.

Kọ́lápọ̀ fò dìde. "Ọmọ́níkẹ́! Ìwọ lajá bù jẹ jù! Ìwọ náà lọ́mọ nílé!"

"Mo mọ̀."

"Ṣé o ò fẹ́ ẹ ni?"

"Mo fẹ́ ẹ, Bàbá Ọláolú. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọmọ yìí. Ṣé kí n nà gbalaja níwájú ìyá rẹ̀ kí wọ́n máa gún mi? Káńsù á béèrè òmíràn. Tèmi ń bọ̀."

"Káńsù wo?" ọkọ rẹ̀ bi í. "Ọmọ́níkẹ́, káńsù wo?"

Ọmọ́níkẹ́ ti ń sunkún.

Èmi àti Kọ́lápọ̀ lọ bá Ọ̀gá Gbádé ní ọ́fíìsì. Dókítà Oyèwọlé ti ní kí a gba orí ajá náà wá fún àyẹ̀wò, kí ó má baà sí àríyànjiyàn. Àwọn ènìyàn ọ̀gá ti gbé òkú Táígà kúrò nílé ìwé lọ sílé rẹ̀ kí a tó lọ bá a.

"Orí Táígà?" Ọ̀gá Gbádé ní. "Ẹ fẹ́ gé orí ajá mi? Ajá tó wọ ọkọ̀ òkun wá láti Jámánì? Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mí, ẹ ò tiẹ̀ kí mi!"

Kọ́lápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ ò bá tiẹ̀ fún wa lórí ajá, ẹ bá wa béèrè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ìyàwó mi ni, sà."

"Ìyàwó rẹ fi bẹ́ńṣì gbá ajá. Ajá tí wọ́n bá gbá, ṣé kò ní gbẹ̀san? Dìde, jàre. Ajá mi ò ya wèrè."

Ọ̀ṣẹ́nì ló sin wa dé ẹnu ọ̀nà, òun ló sì fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ìdí ọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá ò lè béèrè. Tí wọ́n bá béèrè, ìjọba á ní ti àtẹ̀yìnwá ńkọ́. Wọ́n á ní ó gbóná. Ìjọba á ní kí ló mú un gbóná?"

Ẹ gbọ́ nǹkan o. Kí ọkùnrin kan má baà dárúkọ fíríìjì, obìnrin kan gbọ́dọ̀ kú. Kọ́lápọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó lọ sí Abẹ́òkúta. Níbi tí abẹ́rẹ́ kò ti tán, wọ́n ní kí káńsù tiwa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ta ni káńsù tiwa? Ọ̀gá Gbádé ni. Ọ̀gá náà sì ti sin Táígà sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ibẹ̀, ó gbin òdòdó yí i ká. Mo fi ojú mi rí i láti ẹnu géètì. Ẹ̀rí ló wà lábẹ́ òdòdó yẹn.

Ọgbẹ́ jinná. Ọmọ́níkẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ju oṣù kan lọ díẹ̀ nígbà tí ojú àpá èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Oorun kúrò lójú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Kọ́lápọ̀ gbé tíì fún un. Bí kọ́ọ̀bù ṣe kan ètè rẹ̀ ni ọ̀fun rẹ̀ pa dé, ara rẹ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì, kọ́ọ̀bù bọ́ sílẹ̀ ó fọ́. Ó wo tíì nílẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Omi ń bà mí lẹ́rù," ó ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní ibà, ohun tí kòkòrò náà ń ṣe nìyẹn. Bó bá ti gba ọpọlọ tán, á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí itọ́ ti ń sun, á kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀nà ọ̀fun á máa há, ẹni náà ò ní lè gbé itọ́ mì, itọ́ á máa ṣàn jáde, kí kòkòrò lè rí ẹlòmíràn wọ̀. Omi á di ọ̀tá. Atẹ́gùn fáànù á di ọ̀tá. Ìkà tó wá burú jù ni pé kì í mú iyè lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ìjà kan sí èkejì, orí aláìsàn á pé pérépéré, kí ó lè mọ ohun tó ń ṣe òun.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n wo bó ṣe ń jà, wọ́n wo ìfófòó ẹnu rẹ̀, wọ́n ní: "Wèrè ni." Dókítà Oyèwọlé sáré wá láti Yaba. "Kì í ṣe wèrè!" ó ń pariwo. "Ẹ fún un lóògùn oorun! Ẹ pa fáànù! Ẹ ti fèrèsé!" Wọ́n ní kì í ṣe òun ni dókítà ibẹ̀. Wọ́n wá okùn. Wọ́n gbé e sí yàrá tí wọ́n ń kó àjákù bẹ́ẹ̀dì sí, wọ́n sì gbé jọ́ọ̀gì omi tì í, torí òfin ilé ìwòsàn ni pé kí gbogbo aláìsàn ní omi. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n mọ òfin?

Àwọn ènìyàn kó jọ sójú fèrèsé, wọ́n ń wò ó. Àwọn kan ń jẹ ẹ̀pà. Obìnrin kan tiẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ sókè kó lè rí i dáadáa. Bí ara Ọmọ́níkẹ́ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, á yíjú sí ògiri. Ojú ń tì í.

Kọ́lápọ̀ gbé Ọláolú wá. Ọmọ́níkẹ́ fi orí júwe pé kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Ọláolú, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kó fẹnu kàn mí. Itọ́ ẹnu mi ti di ti ajá yẹn."

Ọkọ rẹ̀ di ọmọ náà mú mọ́yà.

"Kíkẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n gún un tán?"

"Wọ́n gún un tán. Ó ti ń lọ sílé ìwé."

"Ó dáa," ó ní. Ìgbà tó yá ó tún ní: "Ó dùn mí o. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò dùn mí."

Mo ti sọ ọ́ báyìí. Ó dùn ún. Kì í ṣe ẹni mímọ́ tó ń wá ikú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ó fẹ́ tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, ó fẹ́ máa jẹ wá ní dáráfù títí a ó fi darúgbó.

Nígbà tó kú tán ni ọ́fíìsì ìlera wá jí lójú oorun. Àwọn tí a bẹ̀ títí tí wọn ò gbọ́, wọ́n ti sáré dé kí òkú tó tutù. Àwọn wolé-wolé fi aṣọ dímú, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó ti Iléṣà wá wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ ìkólẹ̀. Ọkọ̀ tí ń kó pàǹtírí Mushin ni wọ́n fi gbé tíṣà Mushin lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n sin ín sí ìpẹ̀kun ibẹ̀, láìsí àmì, láìsí orúkọ. Wọ́n wá sí ojúlé wa, wọ́n kó mátírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, aṣọ rẹ̀, àti ọpọ́n dáráfù rẹ̀, wọ́n dáná sun wọ́n lójú Kọ́lápọ̀. Nítorí kí ni? Kòkòrò tí kì í pẹ́ kú bí itọ́ bá ti gbẹ? Bó bá jẹ́ pé ibà ló pa á, ta ló ń sun ọpọ́n dáráfù nítorí ibà? Àbí ẹ̀fọn ń bẹ nínú rẹ̀?

Títí di òní, kò sí ẹni tó ti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ wá kí Kọ́lápọ̀. Ajá gba sàréè onísìmẹ́ńtì. Ẹni tó dúró láàárín ajá àti ọmọ yín kò gba pákó kan tí a ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti parí síbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi, ó ń tiro. Ṣàíbù ló ń jẹ́. Òun ló ń ṣọ́ géètì Ọ̀gá Gbádé kí wọ́n tó lé e lọ. Ó ní Táígà ti kọ oúnjẹ ṣáájú ọjọ́ tó já, pé ó ń gé òkúta jẹ, pé ohùn gbígbó rẹ̀ ti yí padà.

"Mo sọ fún ọ̀gá," Ṣàíbù ní. "Mo ní, ọ̀gá, ajá yìí ò gbádùn o. Wọ́n ní ṣé èmi ni dókítà ajá. Àárọ̀ ọjọ́ tó já gan-an, bí mo ṣe fẹ́ gbé omi fún un, ó bù mí jẹ."

Ó ká ṣòkòtò sókè. Àpá eyín wà ní ojúgun rẹ̀, ó ti jinná, ó ń dán.

"Ajá ìgboro méjì náà wà lẹ́nu géètì tó bù jẹ kó tó sọdá," ó ní. "N ò tún rí wọn mọ́. Ọ̀gá ní tí mo bá yanu, àwọn á ní kí ọlọ́pàá mú mi. Mo gbọ́ pé wọ́n sọ nínú ìwé ìròyìn pé ibà ni. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibà ni?"

Kí ni kí n wí fún un? Ẹ bá mi dá a lóhùn, ẹ̀yin tí ẹ ní kí á fọkàn balẹ̀.

Mélòó ni Ṣàíbù tó wà ní Pápá Àjàó, ní Ìdí-Òrò, ní Ìlúpéjú, tí ajá ti bù jẹ, tí wọ́n ka ìwé ìròyìn, tí wọ́n sì lọ sùn? Irọ́ Ọ̀gá Gbádé ti wọ inú ilé ju itọ́ ajá rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yìí kò ṣòro. Kí Ọ̀gá Gbádé padà síwájú àwọn oníwèé ìròyìn kan náà, kí ó so táì kan náà, kí ó sọ pé dìgbòlugi ni, kí ẹni tó bá ní àpá lára lè sáré. Kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Kí wọ́n má ṣe gbé e lọ sí káńsù mìíràn tòun ti ipò tó ga ju èyí lọ, bí ìṣe wọn. Kí fíríìjì kúrò ní pálọ̀ rẹ̀ kí ó padà sí yàrá oògùn. Kí wọ́n fún Ọmọ́níkẹ́ ní sàréè tó lórúkọ, kí ìyá rẹ̀ lè mọ ibi tí yóò ti sunkún.

Gbogbo ìyẹn lè gba àkókò. Mo mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí kò lè dúró. Dókítà Oyèwọlé ti wo ojúgun Ṣàíbù, ó ní ẹsẹ̀ jìn sí ọpọlọ, pé àyè ṣì lè wà. Ó lè wà lónìí, kó má sí mọ́ lọ́la. Kòkòrò yẹn kì í dúró de ìpàdé káńsù. Bí ẹ ṣe ń ka èyí, ó ń gun ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn lọ sókè. Ọ̀gá Gbádé, níbo ni abẹ́rẹ́ wà?